Persebaya Surabaya: èwo gan-an ni ojúlówó nínú méjèèjì?

Ẹ lọ sórí àwọn ìkànnì tó ń kọ àbájáde bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí ẹ wá kílọ́ọ̀bù kan ní Indonéṣíà tó ń jẹ́ Persebaya. Ibì kan máa sọ fún yín pé lọ́dún 2014, inú líìgì tó ga jù lọ ló wà, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ wẹ́rẹ́. Ibòmíì á ní rárá o, Persebaya ò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan nínú líìgì lọ́dún yẹn, wọ́n ti tì í síta. Ẹ̀kẹta á tún ní Persebaya ti di kílọ́ọ̀bù àwọn ọlọ́pàá, pé Bhayangkara ló ń jẹ́ báyìí. Ohun tó wá ń sú èèyàn níbẹ̀ ni pé kò sí èyí tó parọ́ pátápátá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí èyí tó sọ òótọ́ tán.

Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí tí wọ́n fi ń bú ara wọn, pàápàá àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí líìgì Éṣíà, torí náà ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn wo ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Surabaya ni ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Indonéṣíà, Jakarta nìkan ló jù ú lọ. Ìlú èbúté ni, apá ìlà oòrùn erékùṣù Java ló wà. Persebaya ni kílọ́ọ̀bù ìlú yẹn, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n máa ń wọ̀, ìnagijẹ wọn sì ni Bajul Ijo, ìyẹn ọ̀nì aláwọ̀ ewé, torí ọ̀nì wà lára àmì ìlú náà.

PSSI ni àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní gbogbo Indonéṣíà, òun ló ń sọ pé kílọ́ọ̀bù báyìí ló lè wọ líìgì, tàmẹ̀dù ò lè wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá rí PT níwájú orúkọ kan, kọ́ńpìnnì tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin nìyẹn, ẹ má gbàgbé èyí torí PT méjì ló máa jà níwájú.

Bonek sì ni àwọn fáànù Persebaya. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń rọ́ wọnú ọkọ̀ ojú irin lọ wo bọ́ọ̀lù ní Jakarta láìní kọ́bọ̀ lápò, kódà òrùlé ọkọ̀ náà ni àwọn kan máa ń jókòó sí. Wọ́n lórúkọ ìjàngbọ̀n gan-an láyé ìgbà kan, mi ò ní bò ó, ṣùgbọ́n láìsí wọn, ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá ti parí sí 2013.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1927 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn òyìnbó Dọ́ọ̀ṣì ló ń ṣèjọba lé ibẹ̀ lórí nígbà yẹn, wọ́n sì ti ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tiwọn ní Surabaya tó ń jẹ́ SVB. Ọkùnrin méjì kan, Paijo àti M. Pamoedji, wá dá ti àwọn ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pè é ní SIVB. Lẹ́tà I tí wọ́n fi há a láàárín yẹn, Indonéṣíà ló dúró fún, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ Indonéṣíà lọ́dún 1927, àwọn tó ń jà fún òmìnira ló ń fi orúkọ yẹn pe ara wọn. Ẹ wá rí i pé bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló wà lọ́kàn wọn.

Lọ́dún 1930, ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méje láti ìlú méje pàdé ní Yogyakarta, wọ́n dá PSSI sílẹ̀. Pamoedji ló lọ ṣojú Surabaya níbẹ̀. Ìyẹn ni pé Persebaya wà lára àwọn tó bí PSSI, kó tó wá di pé PSSI ń lé e níta bí àlejò tí wọn ò mọ̀ rí.

Orúkọ ẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí àwọn ará Jàpáànù gba ilẹ̀ náà, wọ́n sọ ọ́ di Persibaja lọ́dún 1943, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ó ti di Persebaya. Àyípadà orúkọ nìkan nìyẹn o, ẹgbẹ́ kan náà ni, kò sẹ́ni tó bá wọn dù ú.

Ta ló ni ín nígbà yẹn?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò wàhálà wà.

Persebaya kì í ṣe kílọ́ọ̀bù bíi Chelsea tàbí Arsenal tí olówó kan tàbí kọ́ńpìnnì kan ra tí ó sì di tiẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ni. Inú ìlú Surabaya, àwọn kílọ́ọ̀bù kéékèèké wà bí ogún, bíi Assyabaab tí àwọn ará Lárúbáwá ìlú náà dá sílẹ̀, bíi Suryanaga tó jẹ́ ti àwọn ọmọ Ṣáínà, bíi Indonesia Muda. Àwọn wọ̀nyí ń gbá líìgì tiwọn láàárín ara wọn, tí wọ́n bá ti gbá a tán, wọ́n á ṣa àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù, àwọn yẹn ni yóò wọ aṣọ Persebaya lọ bá ìlú míì figagbága. Ìdíje àwọn ìlú yìí ni wọ́n ń pè ní Perserikatan. Owó tí wọ́n sì ń ná, àpò ìjọba ìlú ló ti máa ń wá, olórí ìlú tàbí èèyàn ẹ̀ ló sábà máa ń ṣe alága.

Torí náà, tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ará Surabaya lọ́dún 1980 pé ta ló ni Persebaya, ó lè dá yín lóhùn pé àwa la ni ín, kò sì parọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé "àwa" ò ní ìwé. Kò sí sátífíkéètì tí èèyàn lè gbé síwájú adájọ́. Nígbà tí àsìkò wá tó tí wọ́n ní gbogbo kílọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ di kọ́ńpìnnì kó tó lè wọ líìgì tuntun, ìyẹn Indonesia Super League tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú wá di ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá tètè ṣe ìwé lè di mú.

Ṣé wọ́n tiẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù gbá?

Wọ́n mọ̀ ọ́n gbá dáadáa. Wọ́n gba ife Perserikatan lọ́dún 1951, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1952, ó tún di 1978, ó tún di 1988. Nígbà tí wọ́n da Perserikatan pọ̀ mọ́ Galatama, tó jẹ́ líìgì àwọn kílọ́ọ̀bù aládàáni, tí wọ́n sì pè é ní Liga Indonesia lọ́dún 1994, Persebaya gba ife ìyẹn náà lọ́dún 1997. Jacksen Tiago, ọmọ Bùràsíìlì, wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n tún gba ife náà lọ́dún 2004, Jacksen yìí kan náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, àwọn ló sì kọ́kọ́ gba Liga Indonesia lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún wá wò ó pé lọ́dún 2002 wọ́n já bọ́ sí líìgì kejì, 2003 wọ́n padà gòkè, 2004 wọ́n di ọ̀gá gbogbo wọn. Bí Persebaya ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í sí àárín lọ́dọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ife 1988 yẹn, ó ní àbùkù lára, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ torí àwọn fáànù wọn kì í fẹ́ ká mẹ́nu kàn án. Lọ́dún 1987, PSIS Semarang ló nà wọ́n 1-0 ní àṣekágbá. Ó dùn wọ́n wọra. Nígbà tó wá di ọdún kejì, PSIS fẹ́ wọ ìpele àwọn mẹ́fà tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n Persipura láti Papua lè gba àyè yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́ tó bá lè na Persebaya. Ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1988, nínú pápá Gelora 10 November ní Surabaya, níwájú àwọn èèyàn wọn, Persebaya fi ẹsẹ̀ palẹ̀, wọ́n jẹ́ kí Persipura gbá góòlù méjìlá wọlé sí wọn, 12-0, ẹ gbọ́ mi dáadáa, méjìlá. Bí PSIS ṣe ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́ jáde nìyẹn, Persebaya sì lọ na Persija 3-2 ní àṣekágbá, wọ́n gbé ife. Láti ọjọ́ náà ni Indonéṣíà ti ń pe irú màgòmágó bẹ́ẹ̀ ní bọ́ọ̀lù erin, torí ní Lampung nígbà yẹn, wọ́n máa ń kọ́ àwọn erin ní bọ́ọ̀lù gbígbá kí èèyàn lè fi wọ́n ṣe ìran wò. Wọn ò fi bò rárá pé ẹ̀san làwọn gbà. Tèmi ni pé ìwà ìbàjẹ́ ni, ẹ̀san ò ẹ̀san.

Kí ló bàjẹ́ lọ́dún 2010?

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni. Sáà 2009 sí 2010 ń parí lọ, Persebaya wà nísàlẹ̀ tábìlì, ó ku kí wọ́n gbá pẹ̀lú Persik Kediri. Kediri ló yẹ kí wọ́n ti gbá a, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ò fún Persik láṣẹ. Wọ́n gbé e kiri títí, wọn ò rí i gbá. Wọ́n kọ́kọ́ ní Persebaya ló jàre, torí ẹni tó gbàlejò ni kò lè ṣètò pápá, wọ́n fún wọn ní póìǹtì mẹ́ta, póìǹtì yẹn sì lè gbà wọ́n là. Àfi bí PSSI ṣe yí ẹnu padà, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbá a ní Palembang lóṣù kẹjọ ọdún 2010. Palembang ò sí lórí Java rárá o, erékùṣù Sumatra ni. Persebaya ní àwọn ò lọ, pé ìyànjẹ ni. PSSI ní ó dáa, ẹ ti já bọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó jẹ́ ààrẹ PSSI nígbà yẹn ni Nurdin Halid, ẹni tí wọ́n ti fi sẹ́wọ̀n rí lórí ẹ̀sùn ìwà jẹgúdújẹrá tó sì darí àjọ náà láti inú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Torí náà nígbà tí àwọn ará Surabaya pariwo pé wọ́n ti ta àwọn, ọ̀pọ̀ èèyàn kàkiri orílẹ̀-èdè náà ló gbà wọ́n gbọ́.

Báwo ni ọ̀kan ṣe wá di méjì?

Olówó kan tó ń jẹ́ Arifin Panigoro ti ń gbèrò àtidá líìgì tuntun sílẹ̀ lẹ́yìn PSSI, ó pè é ní Liga Primer Indonesia, ó sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2011. Saleh Mukadar tó jẹ́ alága Persebaya kó ẹrù ẹ̀, ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó lọ bá wọn. Torí pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì wọ́n mú, wọ́n fi ọdún ìbí wọn sára orúkọ, ó di Persebaya 1927. Kọ́ńpìnnì tiwọn ni PT Persebaya Indonesia.

Àmọ́ àyè Persebaya ṣì wà nínú líìgì kejì PSSI, PSSI ò sì fẹ́ kó ṣófo. Wisnu Wardhana, olórí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Surabaya nígbà yẹn, kó Persebaya míì jọ. Kílọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Persikubar, láti Kutai Barat lókè òkun ní Kalimantan, ni wọ́n kó wá sí Surabaya, wọ́n wọ aṣọ ewé fún wọn, wọ́n ní Persebaya nìyí. Kọ́ńpìnnì tó wá ń gbé ìyẹn rìn ni PT Mitra Muda Inti Berlian, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní MMIB kí ẹnu má bàa rẹ̀ wá.

Ó ti yé yín báyìí àbí? Bí ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ tà fún ẹni méjì ni. Ọ̀kan ní àwọn aládùúgbò mọ òun, òun lòun ti ń gbébẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Èkejì ní rìsíìtì tí baálé fọwọ́ sí. Baálé tó fọwọ́ sí i yìí, ìyẹn PSSI, tún wá ń yí padà lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá wà lórí àga.

Lóòótọ́, lọ́dún 2011 Nurdin kúrò, Djohar Arifin gba PSSI, kíá ni líìgì àwọn tó ti yapa di líìgì tí PSSI fọwọ́ sí, líìgì àtijọ́ wá di ti ọlọ̀tẹ̀. Persebaya 1927 ṣe dáadáa nínú ẹ̀, ipò kejì ni wọ́n wà lẹ́yìn Semen Padang ní sáà 2011 sí 2012, wọ́n tiẹ̀ gbàlejò Queens Park Rangers láti London lọ́dún 2012, QPR nà wọ́n 2-1. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan ò lè ní líìgì méjì, FIFA ń halẹ̀, àwọn tó ń jà lọ ṣèpàdé lóṣù kẹta ọdún 2013, wọ́n fẹnu kò pé ká padà sí líìgì kan. Inú ìpàdé yẹn ni wọ́n ti fi Persebaya 1927 ṣe ìrúbọ. Wọ́n ní MMIB ni Persebaya tí àwọn mọ̀. Lẹ́yìn sáà 2013 títí wọ 2017, ojúlówó tó ní fáànù ò gbá líìgì kankan, nígbà tí èkejì gba ife líìgì kejì lọ́dún 2013, ó sì wọ líìgì gíga lọ́dún 2014. Greg Nwokolo, ọmọ Onitsha tó ti gba ìwé ọmọ ìlú Indonéṣíà, wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn lọ́dún yẹn.

Ohun tí ìkànnì kìíní ń sọ nípa 2014 nìyẹn, ohun tí ìkànnì kejì ń sọ náà nìyẹn.

Bhayangkara wá ń kọ́?

Àwọn Bonek ò bá ti MMIB lọ. Ẹ fojú inú wo kílọ́ọ̀bù tó wà ní líìgì gíga, tí pápá ẹ̀ ń gba èèyàn tó lé ní ẹgbàá méjìlélógún, tí kò sí èrò tó ń wọbẹ̀. Pápá Gelora Bung Tomo nìyẹn. Tí Persebaya 1927 bá ń gbá, èrò á kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ti MMIB, àwọn àga ló ń wo bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú wọn, wọ́n kàn kọ̀ ni.

Lọ́dún 2015, àjọ kan lábẹ́ mínísítà eré ìdárayá tó ń yẹ ìwé àwọn kílọ́ọ̀bù wò ní Persebaya àti Arema, kílọ́ọ̀bù ìlú Malang, ò lè wọ líìgì, torí pé àwọn méjèèjì ní ìjà ta-ló-ni-ín nílẹ̀. PSSI ní irọ́ ni, wọ́n á gbá a. Mínísítà náà gbá PSSI dànù lóṣù kẹrin, FIFA wá bínú pé ìjọba ń ki ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n dá Indonéṣíà dúró ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2015, ó sì lé ní oṣù mọ́kànlá kí wọ́n tó dá wọn padà. Líìgì ọdún yẹn ò parí.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, MMIB ń pààrọ̀ orúkọ bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n kọ́kọ́ di Persebaya United. Wọ́n ní kí wọ́n yọ Persebaya kúrò, ni wọ́n bá di Bonek FC, ẹ gbà mí o, orúkọ àwọn fáànù tó ń sá fún wọn gan-an ni wọ́n lọ fi jẹ! Inú àwọn Bonek ru. Ó tún di Surabaya United. Lóṣù kẹrin ọdún 2016, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọlọ́pàá Indonéṣíà, ó di Bhayangkara Surabaya United, nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án wọ́n yọ Surabaya kúrò, ó ku Bhayangkara FC. Bhayangkara yẹn, orúkọ tí wọ́n ń fi pọ́n ọlọ́pàá lé ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó kúrò ní Surabaya.

Nítorí náà ẹni tó ní Bhayangkara ni Persebaya tẹ́lẹ̀ ń sọ nípa àyè nínú líìgì àti kọ́ńpìnnì. Ẹgbẹ́ tí Pamoedji dá sílẹ̀ kọ́ ló di ti ọlọ́pàá.

Báwo ni ojúlówó ṣe padà?

Ọ̀nà méjì ló gbà padà, kóòtù àti títì.

Ti kóòtù yá díẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2016, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìṣòwò ní Surabaya ní PT Persebaya Indonesia ló ni orúkọ Persebaya àti lógò ẹ̀, kí MMIB yé lò ó. Ṣùgbọ́n kóòtù ò lè sọ pé kí PSSI mú èèyàn wọ líìgì. Ìyẹn dọwọ́ ìpàdé gbogbogbòò PSSI, ibẹ̀ ni títì ti wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Bonek gbéra láti Surabaya lọ sí Jakarta níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò níbẹ̀. PSSI ṣèlérí fún wọn. Ìpàdé oṣù kọkànlá dé, wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó di ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2017, ní Bandung, ni PSSI ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n padà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì fi wọ́n sí, líìgì kejì.

Èmi ò gbà pé ìwé kóòtù yẹn ló ṣe iṣẹ́ jù. Ohun tó pa MMIB ni pé kò rí tíkẹ́ẹ̀tì tà. Èèyàn lè gba ìwé, kó gba àṣẹ, kó gba àyè líìgì, tí ìlú bá ti kọ̀ láti jókòó wò ó, àfi kó wábi gbà, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló sì wábi gbà sí.

Ta ló wá ni Persebaya nígbà tí wọ́n padà? Lóṣù kejì ọdún 2017, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Jawa Pos tó wà ní Surabaya ra ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kọ́ńpìnnì náà, ọgbọ̀n tó kù sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn kílọ́ọ̀bù kéékèèké ìlú, àwọn Assyabaab àti Suryanaga tí mo sọ lókè yẹn. Azrul Ananda ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi kí ìlú kú àtijọ́ lóṣù kẹta, ta ni wọ́n pè wá gbá a? PSIS Semarang. Àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́dún 1988 kan náà.

Ta ló gba ife 2017?

Méjèèjì, ibẹ̀ ni orí ti tún máa ń dàrú. Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2017, Bhayangkara na Madura United 3-1 ní Bangkalan, afárá ni èèyàn máa gbà kọjá láti Surabaya débẹ̀, Madura yìí sì ni kílọ́ọ̀bù tí Odemwingie wa ń gbá bọ́ọ̀lù fún lọ́dún yẹn. Bí wọ́n ṣe gba líìgì gíga nìyẹn. Àwọn àti Bali United ní póìǹtì 68 kan náà nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, ṣùgbọ́n Bhayangkara ti na Bali nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé. Awuyewuye wà níbẹ̀ gan-an, torí ọ̀mì 1-1 ni Bhayangkara gbá pẹ̀lú Mitra Kukar, àwọn aláṣẹ wá sọ ọ́ di 3-0 fún wọn, wọ́n ní Mitra Kukar lo Mohamed Sissoko, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní Liverpool àti Juventus rí, nígbà tó yẹ kó wà lábẹ́ ìjìyà. Ẹ̀ ń gbọ́ o, kílọ́ọ̀bù ọlọ́pàá ni wọ́n fún ní póìǹtì. Kò pa èèyàn lẹ́rìn-ín lójú fáànù Bali. Wọn ò sì lè lọ sí ìdíje Éṣíà, torí wọn ò ní láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń béèrè.

Ogún ọjọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 28 oṣù kan náà, Persebaya na PSMS Medan 3-2 ní Bandung lẹ́yìn àfikún àkókò, wọ́n gba ife líìgì kejì, wọ́n gòkè. Láti 2018 ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ara wọn nínú líìgì kan náà.

Ife líìgì gíga 2017 yẹn, ti Bhayangkara ni, ẹ má kọ ọ́ mọ́ Persebaya. Ti Persebaya ò kọjá mẹ́fà, mẹ́rin nínú Perserikatan, méjì nínú Liga Indonesia, 2004 sì ni èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n súnmọ́ ọn lọ́dún 2019, ipò kejì ni wọ́n wà lẹ́yìn Bali United.

Ṣé àwọn fáànù wọn ló fa ikú tó ṣẹlẹ̀ ní Kanjuruhan?

Rárá. Mo fi èyí kún un torí mo máa ń rí i tí wọ́n ń kọ ọ́ pé ìjà fáànù Arema àti ti Persebaya ni. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Persebaya na Arema 3-2 ní Malang, nínú pápá Kanjuruhan. Nítorí ọ̀tá ìgbà pípẹ́ ni wọ́n, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí fáànù Persebaya kankan wọ pápá lọ́jọ́ náà. Àwọn fáànù Arema ló sọ̀kalẹ̀ wọ orí pápá lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, títí kan apá ibi tí èrò jókòó sí, bẹ́ẹ̀ FIFA ti ní kí ẹnikẹ́ni má lo tajútajú ní pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn èèyàn sá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ há, èémí ò lè jáde. Èèyàn 135 ló kú.

Níbo ni Bhayangkara wà báyìí?

Wọ́n ti rìn kiri jìnnà. Wọ́n dé Bekasi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jakarta, wọ́n dé Solo, wọ́n padà sí Bekasi, wọ́n já bọ́ sí líìgì kejì ní sáà 2023 sí 2024, wọ́n gòkè padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 2025 wọ́n kó lọ sí Lampung, orúkọ ibẹ̀ náà sì ti wọ inú orúkọ wọn. Tí wọ́n bá wá gbá bọ́ọ̀lù ní Gelora Bung Tomo lóde òní, yàrá àlejò ni wọ́n ti máa ń pààrọ̀ aṣọ.